Nígbà Tí Ìmọ́lẹ̀ Bá Kan Òòfà: Láti Òfurufú Ìbàdàn Dé Inú Lésà

Bóyá inú Micra lẹ wà tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ há yín mọ́ Challenge, bóyá inú yàrá yín ní Àgbowó lẹ dùbúlẹ̀ sí tí ẹ ń retí kí wọ́n mú iná dé, ẹ káàbọ̀ sórí ètò wa. Ẹ̀yin tó jẹ́ pé kíkà lẹ fẹ́ràn ju gbígbọ́ lọ, gbogbo ohun tí mo sọ nínú ètò tòní ló wà nísàlẹ̀ yìí.

Ìbéèrè kan ni mo gbé wá lónìí. Ṣé ìmọ́lẹ̀ lè yí òòfà padà? Òòfà tí mo ń sọ ni mágnẹ́ẹ̀tì, irin tó ń fa irin mọ́ra. Tí ìmọ́lẹ̀ bá sì lè yí i padà, báwo ló ṣe lè yára tó? Ìtàn àwọn tó wá ìdáhùn sí ìbéèrè yìí ti lé ní àádọ́jọ ọdún. Ó gba ìlú Gẹ̀ẹ́sì kọjá, ó dé ilẹ̀ Faransé, ó dé Jàpáànù. Àmọ́ apá kan nínú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ níbí, ní Ìbàdàn, nínú ọgbà tí ẹ̀yin ará Àgbowó àti Bódìjà ń gba iwájú rẹ̀ kọjá lójoojúmọ́.

Kí ló kàn mí nínú òòfà?

Mo mọ̀ pé ẹnì kan ti ń béèrè bẹ́ẹ̀. Ẹ wò ó báyìí. Fọ́tò tí ẹ yà níbi ìnáwó lọ́jọ́ Sátidé, ẹ ti gbé e sórí Facebook tàbí Google Drive. Níwọ̀n ìgbà tó ṣì wà nínú fóònù yín, iná mànàmáná ló ń tọ́jú rẹ̀. Àmọ́ bó bá ti kúrò lọ́wọ́ yín, ó di inú àwọn ilé ńláńlá tó kún fún kọ̀ǹpútà, níbi tí èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tí aráyé kó pamọ́ wà lórí hard disk. Òòfà kéékèèké, tí ojú lásán kò lè rí, ló tẹ́ orí dísíìkì yẹn lọ rẹrẹ. Ọ̀kan kọjú sókè, ọ̀kan kọjú sísàlẹ̀. Èyí tó kọjú sókè dúró fún 1, èyí tó kọjú sísàlẹ̀ dúró fún 0. Ẹ̀rín ìyàwó nínú fọ́tò yẹn, gèlè ìyá rẹ̀, àwo ìrẹsì orí tábìlì, òòfà ni gbogbo rẹ̀.

Ọdún 1956 ni iléeṣẹ́ IBM gbé àkọ́kọ́ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ jáde. RAMAC ni wọ́n pè é. Dísíìkì 50 ló wà nínú rẹ̀, ó wúwo ju tọ́ọ̀nù kan lọ, síbẹ̀ lẹ́tà bíi mílíọ̀nù 5 péré ló lè gbà. Fọ́tò kan ṣoṣo láti ara fóònù tuntun lè kún un. Láti ìgbà náà, òòfà orí dísíìkì ti kéré títí, àmọ́ bí wọ́n ṣe ń yí i lójú padà kò yàtọ̀ púpọ̀: wáyà tín-ín-rín, iná tó gba inú rẹ̀ kọjá, agbára òòfà tó ti ara wáyà náà jáde. Iná yẹn ń jẹ owó, ó ń mú ooru wá, ó sì ní ibi tí eré rẹ̀ mọ. Ohun tó mú kí àwọn onímọ̀ físíìsì bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìmọ́lẹ̀ nìyẹn. Kò sí ohun tó yára ju ìmọ́lẹ̀ lọ.

Àmọ́ kì í ṣe inú láàbù ni ìmọ́lẹ̀ ti kọ́kọ́ mi òòfà. Oòrùn ló kọ́kọ́ ṣe é.

Òòfà tó mì ní 1859

Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1859, ọkùnrin ará Gẹ̀ẹ́sì kan, Richard Carrington, jókòó ti ẹ̀rọ awò rẹ̀, ó ń ya àwòrán àwọn àmì dúdú tó wà lójú oòrùn. Lójijì, ìmọ́lẹ̀ funfun méjì kọ mànà lórí oòrùn. Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ tí wọ́n fi pòórá.

Ní Kew, nítòsí London, wọ́n ní òòfà kan tí wọ́n so rọ̀ láti máa ṣọ́ òòfà ilé ayé. Ẹ rántí pé ilé ayé fúnra rẹ̀ jẹ́ òòfà ńlá. Òun ló ń darí kọ́ńpáàsì. Nígbà tí wọ́n yẹ ìwé òòfà Kew wò, wọ́n rí i pé ó ti ta kìjí ní àkókò kan náà tí Carrington rí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀. Carrington ṣọ́ra, kò fẹ́ sọ pé ọ̀kan ló fa èkejì. Ó ṣe tán, kí ni yóò so iná ojú oòrùn pọ̀ mọ́ irin tí wọ́n so rọ̀ sínú yàrá?

Láti mọ ìdáhùn yẹn dáadáa, ó gba pé kí àwọn èèyàn lọ wọn òòfà ilé ayé níbi tí ọwọ́ oòrùn ti wúwo jù lórí rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ibi bẹ́ẹ̀ kò jìnnà sí ilé wa.

Odò iná tó ń ṣàn lókè orí wa

Tí ẹ bá so abẹ́rẹ́ òòfà rọ̀ tí ó lè yí síbi tó bá wù ú, ní ìlà oòrùn-kò-wọ̀ tiwọn lápá òkè pátápátá ayé, yóò forí kọ ilẹ̀. Àmọ́ ìlà kan wà tó yí àárín ayé ká, níbi tí abẹ́rẹ́ náà yóò ti sùn gbalaja, tí kò ní tẹ̀ sápá kan. Ìlà yìí gba àríwá Nàìjíríà kọjá. Ìbàdàn wà ní gúúsù rẹ̀, kò sì jìnnà sí i. Lódìkejì òkun, ìlà kan náà gba orílẹ̀-èdè Perú kọjá. Ní Huancayo ní Perú, níbi tí wọ́n ti dá ibùdó òòfà sílẹ̀ ní 1922, wọ́n rí ohun kan tó yà wọ́n lẹ́nu: lọ́sàn-án gangan, òòfà ilé ayé máa ń lágbára sí i lọ́nà tí kò rí bẹ́ẹ̀ ní ibòmíràn. Bí oòrùn bá ti ń rọlẹ̀, òun náà á rọlẹ̀.

Ní 1951, onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Sydney Chapman fún ohun tó ń fà á lórúkọ: equatorial electrojet. Èmi á pè é ní odò iná. Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ rèé. Ìmọ́lẹ̀ oòrùn, pàápàá èyí tí ojú wa kò lè rí, ń já ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kúrò lára afẹ́fẹ́ ní òkè réré, ní nǹkan bíi kìlómítà 105 sókè. Tí ẹ bá lè gbé ọ̀nà tó ti Ìbàdàn lọ sí Èkó nàró, ibi tí orí rẹ̀ máa dé fẹ́rẹ̀ẹ́ nìyẹn. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ kò tún dà bí afẹ́fẹ́ mọ́. Iná mànàmáná lè gba inú rẹ̀ kọjá bí ó ti ń gba inú wáyà. Iná yìí sì ń ṣàn lọ sápá ìlà-oòrùn lọ́sàn-án, tẹ̀ lé ìlà tí mo sọ yẹn. Níbi tí iná bá sì ti ń ṣàn, òòfà á jáde. Bó bá di alẹ́, tí oòrùn wọ̀, àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù á padà sílé, odò náà á gbẹ.

Nítorí náà, oòrùn kò fọwọ́ kan òòfà ilé ayé. Ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ló la ọ̀nà fún iná, iná ló wá fi òòfà tirẹ̀ kún ti ilé ayé. Ẹ fi gbólóhùn yìí sápò, torí a máa padà lò ó nígbà tí a bá dé Jàpáànù.

Yunifásítì Ìbàdàn, tó ń jẹ́ University College nígbà náà, bẹ̀rẹ̀ ní Ẹlẹ́yẹlé ní 1948 kó tó kó lọ sí ibi tó wà lónìí. Oyè Yunifásítì London ni wọ́n ń fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ títí di 1962. Ẹ̀ka físíìsì rẹ̀ rí i pé ibi tí àwọn wà lórí ilẹ̀ ayé jẹ́ ọrọ̀ tí owó kò lè rà. Wọ́n gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ tó ń ju ìró rédíò sókè tó sì ń gbọ́ bó ṣe ń padà, kí wọ́n lè mọ bí òkè ṣe rí. Wọ́n tún gbé ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ òòfà kalẹ̀. Nígbà tí ayé pawọ́ pọ̀ láti oṣù Keje 1957 títí di ìparí 1958 láti wọn ilẹ̀, òkun àti òfurufú nígbà kan náà, èyí tí wọ́n pè ní International Geophysical Year, Ìbàdàn wà lára àwọn ibùdó tó ń fi iye ránṣẹ́.

Ọ̀kan nínú àwọn tó fi iṣẹ́ yìí gba orúkọ ni Cyril Agodi Onwumechili. Wọ́n bí i ní 1932. Ìbàdàn ló ti kẹ́kọ̀ọ́ físíìsì, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé ti London ní 1958, nígbà tó sì di 1959 ó tẹ ìwádìí rẹ̀ lórí odò iná yìí jáde nínú ìwé àtìgbàdégbà tí àwọn onímọ̀ òfurufú káàkiri ayé ń kà. Ó gbé ìṣirò kalẹ̀ tó ń sọ bí odò náà ṣe fẹ̀ tó àti bí iná inú rẹ̀ ṣe pín láti àárín sí etí. Ó wá di ọ̀jọ̀gbọ́n, ó sì ṣe gíwá Yunifásítì Ifẹ̀ láti 1979 sí 1982. Ní 1997, ó tẹ odindi ìwé jáde lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yìí. Ogójì ọdún lórí ohun tó bẹ̀rẹ̀ láti inú ọgbà tó kọjú sí Àgbowó.

Yàrá dúdú

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí bí wọ́n ṣe ń wọn òòfà láyé ọjọ́un, torí ibẹ̀ ni kókó ọ̀rọ̀ wa wà. Irú ẹ̀rọ tí wọ́n ń lò káàkiri ayé nígbà náà, inú yàrá dúdú ló ń gbé. Òòfà kékeré kan á so rọ̀ lórí okùn tín-ín-rín. Dígí kékeré á lẹ̀ mọ́ òòfà náà. Wọ́n á tan iná tóóró kan sí dígí; ìmọ́lẹ̀ á ta padà lọ sórí bébà fọ́tò tó wé mọ́ ìlù kan tó ń yí díẹ̀díẹ̀. Bí òòfà bá yí, bó ti wù kó kéré tó, dígí á yí, àmì orí bébà á sún.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ìmọ́lẹ̀ ni wọ́n fi ń ka òòfà. Ohun tí wọ́n sì ń kà kéré gan-an. Agbára òòfà ilé ayé ní Ìbàdàn tó nǹkan bíi 32,000 nínú ìwọ̀n tí àwọn onímọ̀ ń pè ní nánótẹ́sílà. Ohun tí odò iná ń fi kún un lọ́sàn-án jẹ́ nǹkan bíi 100. Kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, àmọ́ dígí yẹn ń rí i.

Àmọ́ bébà náà kì í sáré. Mìlímítà 15 ni irú rẹ̀ sábà máa ń rìn ní wákàtí kan. Ìyẹn túmọ̀ sí pé mìlímítà kan jẹ́ ìṣẹ́jú 4. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ tó sì parí láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, kò lè fara hàn. Kì í ṣe pé kò ṣẹlẹ̀; ẹ̀rọ ni kò lójú láti rí i. Gbogbo ohun tó kù nínú ìtàn yìí, ìtàn àwọn tó ń wá ojú tó yá ju bẹ́ẹ̀ lọ ni.

Lésà dé

Ní 1845, Michael Faraday ní London ti fi hàn pé òòfà lè yí bí ìmọ́lẹ̀ ṣe ń mì nígbà tó bá ń gba inú dígí kọjá. Ní 1877, John Kerr ará Scotland rí i pé ìmọ́lẹ̀ tó bá ta padà lára irin òòfà náà máa ń yí díẹ̀. Èyí túmọ̀ sí pé ẹ kò nílò okùn àti dígí mọ́. Ẹ kàn tan ìmọ́lẹ̀ sí òòfà, ẹ wo bó ṣe padà, òòfà á sọ ipò tó wà fún yín.

Ní oṣù Karùn-ún 1960, Theodore Maiman tan lésà àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà. Lésà yàtọ̀ sí gílóòbù ilé wa ní ti pé ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ń rìn létòlétò, wọ́n sì lè gé e kéékèèké. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, wọ́n gé e débi tó fi di fẹ́mtósẹ́kọ́ǹdù. Ẹ pín ìṣẹ́jú àáyá kan sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, ẹ wá mú ọ̀kan níbẹ̀, ẹ pín in sí ọ̀nà bílíọ̀nù kan. Fẹ́mtósẹ́kọ́ǹdù kan nìyẹn. Bó ṣe kéré sí ìṣẹ́jú àáyá kan ni ìṣẹ́jú àáyá kan ṣe kéré sí nǹkan bí ọdún mílíọ̀nù 32. Ahmed Zewail, ọmọ Íjíbítì, ọmọ Áfíríkà bíi tiwa, gba ẹ̀bùn Nobel ní 1999 torí pé ó fi irú ìmọ́lẹ̀ yìí wo bí átọ́ọ̀mù ṣe ń já kúrò lára ara wọn.

Strasbourg, 1996

Kí la mọ̀ nípa òòfà nígbà náà? Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kọ̀ọ̀kan jẹ́ òòfà kékeré, ó níbi tó kọjú sí. Nínú ọ̀pọ̀ nǹkan, oníkálukú kọjú síbi tó wù ú, wọ́n sì pa agbára ara wọn rẹ́. Nínú irin òòfà, púpọ̀ nínú wọn kọjú síbi kan náà. Tí ooru bá pọ̀ jù, wọ́n á tú ká bí èrò ọjà Bódìjà tí òjò ká mọ́ta. Pierre Curie ti fi èyí hàn ní 1895: òòfà kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n ooru tí kò ní jẹ́ òòfà mọ́ tó bá dé ibẹ̀. Ti níkẹ́ẹ̀lì jẹ́ nǹkan bí ìwọ̀n Celsius 355.

Ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà ni pé ooru gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wọ ara irin náà kí òòfà tó mọ̀ ọ́n lára, àti pé èyí á gba nǹkan bíi píkósẹ́kọ́ǹdù 100. Píkósẹ́kọ́ǹdù kan jẹ́ fẹ́mtósẹ́kọ́ǹdù 1,000. Ó bọ́gbọ́n mu. Bí a bá gbé ọbẹ̀ kaná, ìkòkò ló kọ́kọ́ ń gbóná kí omi tó gbóná, omi ló sì ń gbé ooru fún ẹran.

Ní 1996, Eric Beaurepaire, Jean-Yves Bigot àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ní Strasbourg, ilẹ̀ Faransé, mú níkẹ́ẹ̀lì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, èyí tí nínípọn rẹ̀ jẹ́ nánómítà 22. Wọ́n yin ìmọ́lẹ̀ lésà tó pẹ́ fún fẹ́mtósẹ́kọ́ǹdù 60 lù ú. Ìmọ́lẹ̀ kejì, tó kéré sí ti àkọ́kọ́, tẹ̀ lé e láti lọ ka òòfà náà bí Kerr ṣe kọ́ wa. Báwo ni wọ́n ṣe mú kí èkejì pẹ́ lẹ́yìn àkọ́kọ́? Wọ́n mú kí ọ̀nà rẹ̀ gùn díẹ̀ ni. Ìmọ́lẹ̀ ń rin nǹkan bíi mìlímítà 0.3 ní píkósẹ́kọ́ǹdù kan, nítorí náà tí ẹ bá sún dígí sẹ́yìn díẹ̀, ẹ ti ra àkókò. Ẹ fi wé bébà Ìbàdàn: níbẹ̀, mìlímítà kan jẹ́ ìṣẹ́jú 4. Níbí, mìlímítà kan jẹ́ nǹkan bíi píkósẹ́kọ́ǹdù 3.

Ohun tí wọ́n rí ni pé kí píkósẹ́kọ́ǹdù 2 tó pé, òòfà níkẹ́ẹ̀lì ti pàdánù nǹkan bí ìdajì agbára rẹ̀. Ẹran ti jinná kí ìkòkò tó gbóná! Ìmọ́lẹ̀ ti bá àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù sọ̀rọ̀ tààrà, kò dúró de átọ́ọ̀mù irin. Ibo ni yíyí tí àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ń yí tẹ́lẹ̀ wá lọ? Ohun tó ń yí kì í kàn pòórá. Ó gbọ́dọ̀ gbé e fún nǹkan mìíràn. Ìjà ìmọ̀ ńlá bẹ́ sílẹ̀ lórí ìbéèrè yìí, ó sì gba ọ̀pọ̀ ọdún.

Jàpáànù: òòfà tí ìmọ́lẹ̀ ń dá sílẹ̀

Níkẹ́ẹ̀lì tí ìmọ́lẹ̀ bà jẹ́, ó dáa. Àmọ́ ṣé ìmọ́lẹ̀ lè fún òòfà lágbára, dípò kó gbà á lọ́wọ́ rẹ̀? Fún ìyẹn, ẹ jẹ́ ká kúrò lọ́dọ̀ irin.

Inú fóònù yín kún fún sẹmikọ́ńdọ́tọ̀. Sẹmikọ́ńdọ́tọ̀ kì í jẹ́ kí iná kọjá fàlàlà bíi bàbà, kì í sì í dí i pa bí ike. A lè ṣí i, a lè tì í. Sílíkọ́ọ̀nù ni ẹ mọ̀ jù, àmọ́ àwọn mìíràn wà tó ń bá ìmọ́lẹ̀ ṣiṣẹ́ dáadáa. Ìṣòro ni pé wọn kì í ṣe òòfà. Ní 1989, Hiro Munekata, Hideo Ohno àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní láàbù IBM ní Amẹ́ríkà po mangáníìsì mọ́ sẹmikọ́ńdọ́tọ̀ kan tó ń jẹ́ indium arsenide. Ní 1996, Ohno, tó ti padà sí Yunifásítì Tohoku ní Sendai, fi irú mangáníìsì bẹ́ẹ̀ sínú gallium arsenide. Òòfà jáde níbẹ̀.

Báwo ni? Átọ́ọ̀mù mangáníìsì kọ̀ọ̀kan jẹ́ òòfà, àmọ́ wọ́n jìnnà síra, bí ilé tó dá dúró nínú ọgbà tí wọn kò tíì kọ́ tán. Wọn kò lè gbọ́ ohùn ara wọn. Ohun tó ń gbé ìròyìn láàárín wọn ni àwọn ihò, ìyẹn ààyè tí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù fi sílẹ̀ nígbà tó kúrò. Ààyè yìí ń sún káàkiri bí Micra tó ń já èrò láti Dùgbẹ̀ sí Ring Road, láti Ring Road sí Challenge. Bí Micra bá pọ̀, ìròyìn á yára tàn, gbogbo mangáníìsì á kọjú síbi kan náà, òòfà á lágbára. Bí Micra bá kéré, oníkálukú á ṣe tirẹ̀.

Kí ló sì ń ṣe ihò nínú sẹmikọ́ńdọ́tọ̀? Ìmọ́lẹ̀ ni! Tí ìmọ́lẹ̀ bá kọlù ú, á já ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kúrò nípò, ihò á ṣí sílẹ̀. Ní 1997, Koshihara, Munekata àti àwọn ẹgbẹ́ wọn tan ìmọ́lẹ̀ sí irú ohun bẹ́ẹ̀ nínú òtútù ńlá. Ohun tí kì í ṣe òòfà kí wọ́n tó tan ìmọ́lẹ̀ wá di òòfà, ó sì ṣì jẹ́ òòfà lẹ́yìn tí wọ́n pa ìmọ́lẹ̀ náà.

Ẹ yọ gbólóhùn yẹn jáde nínú àpò báyìí. Lókè Ìbàdàn, ìmọ́lẹ̀ ń já ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kúrò lára afẹ́fẹ́, òòfà ilé ayé sì ń yí. Nínú láàbù ní Jàpáànù, ìmọ́lẹ̀ ń já ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù kúrò nípò nínú sẹmikọ́ńdọ́tọ̀, òòfà sì ń jáde. Iṣẹ́ méjèèjì kì í ṣe ọ̀kan náà: lókè, iná tó ń ṣàn ló ń mú òòfà wá, nísàlẹ̀, ìròyìn tí ihò ń gbé ló ń mú un wá. Àmọ́ nínú méjèèjì, ìmọ́lẹ̀ kò ti òòfà fúnra rẹ̀. Àwọn tó ń gbé nǹkan kiri ló dá sílẹ̀.

Wọ́n wá fi lésà kúkúrú wò ó. Ní 2005, Jigang Wang, Junichiro Kono àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ròyìn pé tí ìmọ́lẹ̀ bá le gan-an, àwọn ihò náà á gbóná, wọ́n á dàrú, wọ́n á sì fa òòfà mangáníìsì wó lulẹ̀ kí píkósẹ́kọ́ǹdù kan tó pé. Ní 2007, Wang àti àwọn mìíràn ní California tún ròyìn ìdàkejì rẹ̀: tí ìmọ́lẹ̀ bá mọ níwọ̀n, òòfà gallium arsenide oní-mangáníìsì á lágbára sí i láàárín nǹkan bíi píkósẹ́kọ́ǹdù 100. Ìmọ́lẹ̀ kan náà, iṣẹ́ méjì. Níwọ̀nba, ó ń kó wọn jọ; ní àpọ̀jù, ó ń tú wọn ká.

Kí ló dé tí irú rẹ̀ kò tíì sí nínú fóònù yín? Ooru ni. Gallium arsenide oní-mangáníìsì kì í ṣe òòfà àyàfi nínú òtútù. Ní 1998, ibi tó lè dé jẹ́ nǹkan bí ìwọ̀n Celsius 163 sísàlẹ̀ òdo. Lẹ́yìn iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n gbé e dé nǹkan bíi 80 sísàlẹ̀ òdo. Ọ̀sán Ìbàdàn máa ń lé ní 30 lókè òdo. Fírísà tó dáa jù ní Dùgbẹ̀ kò lè ràn án lọ́wọ́.

Ìmọ́lẹ̀ tó ń kọ̀wé

Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò ṣòfò. Ní 2007 kan náà, àwọn onímọ̀ ní Nijmegen, orílẹ̀-èdè Netherlands, ẹgbẹ́ Theo Rasing, pẹ̀lú àwọn ará Jàpáànù, lo irin àpòpọ̀ gadolinium, irin àti kóbọ́ọ̀tì. Wọ́n lo lésà tó pẹ́ fún fẹ́mtósẹ́kọ́ǹdù 40. Òòfà yí lójú padà pátápátá láìsí wáyà kankan àti láìsí òòfà mìíràn nítòsí. Tí ìmọ́lẹ̀ bá ń yí sọ́tùn-ún, òòfà á kọjú síbi kan. Tó bá ń yí sósì, á kọjú síbi kejì. Ìmọ́lẹ̀ ti kọ 1, ó ti kọ 0. Ìyẹn sì ṣiṣẹ́ nínú yàrá lásán, láìsí òtútù kankan.

Lónìí, lésà ti wọ inú hard disk tí wọ́n ń tà. Ní oṣù Kìíní 2024, iléeṣẹ́ Seagate kéde èyí tó lé ní tẹrabáìtì 30, tí lésà kékeré inú rẹ̀ ń mú ojú ibi tó fẹ́ kọ gbóná kí wáyà tó yí òòfà rẹ̀. Kì í ṣe fẹ́mtósẹ́kọ́ǹdù, wáyà sì ṣì wà níbẹ̀. Àmọ́ ìmọ́lẹ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà.

Ibo là wà nínú rẹ̀?

Ẹni tó bá gbọ́ ìtàn yìí lè sọ pé iṣẹ́ òyìnbó ni, pé kí àwa máa rà á. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ẹ wo àwọn tó jèrè nínú ìtàn yìí: ẹni tó ṣọ́ òòfà ní Kew, ẹni tó ń pààrọ̀ bébà nínú yàrá dúdú ní Ìbàdàn, ẹni tó sún dígí sẹ́yìn ní Strasbourg. Ohun kan náà ni gbogbo wọn ṣe. Wọ́n ní ẹ̀rọ tó lè rí àkókò, wọ́n sì fara balẹ̀ kọ ohun tó rí sílẹ̀. Bí a kò bá lè wọn nǹkan, ẹnu lásán la ó fi máa sọ ọ́.

Àkọsílẹ̀ Ìbàdàn ti àwọn ọdún 1957 àti 1958 kò kú. Lẹ́yìn nǹkan bí àádọ́ta ọdún, àwọn onímọ̀ ṣì ń tẹ ìwádìí tuntun jáde láti inú rẹ̀, torí pé oòrùn le gan-an lọ́dún náà, kò sì sẹ́ni tó lè padà lọ wọn ọdún tó ti kọjá. Ẹ̀rọ tí ẹ gbé kalẹ̀ lónìí ni yóò jẹ́ ẹlẹ́rìí fún àwọn ọmọ ọmọ yín. Lẹ́yìn 2000, àwọn onímọ̀ láti Yunifásítì Kyushu ní Jàpáànù gbé ẹ̀rọ òòfà kalẹ̀ ní Ìlọrin, èyí tó ń kọ nǹkan sílẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan, dípò ìṣẹ́jú mẹ́rin-mẹ́rin orí mìlímítà kan. Ní ti lésà, láti 1991 ni ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ lésà Áfíríkà kan ti wà ní Dakar, African Laser Centre sì bẹ̀rẹ̀ ní South Africa ní 2003, kí akẹ́kọ̀ọ́ láti orílẹ̀-èdè kan lè lo ẹ̀rọ tó wà ní òmíràn. Lésà fẹ́mtósẹ́kọ́ǹdù wọ́n, ó sì ń fẹ́ iná tí kì í ṣẹ́jú. Ẹ̀yin tó ń gbé Ìbàdàn mọ ohun tí gbólóhùn kejì yẹn túmọ̀ sí.

Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú ẹ̀yin tó ń gbọ́ wa ṣì wà nílé ìwé. Ẹni tó ń ka físíìsì láàárín yín, tí àwọn ọ̀rẹ́ ń bi pé kí ló fẹ́ fi ṣe, ẹ sọ fún un pé odò iná kan ń ṣàn kọjá lókè orí òun lọ́sàn-án òní, pé Ìbàdàn wà lára àwọn ibi tí wọ́n ti kọ́ ayé bó ṣe ń ṣàn, àti pé ọ̀nà tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà yí òòfà kò tíì ní ẹni tó mọ̀ ọ́n tán. Iṣẹ́ ṣì kù nílẹ̀.

Ibi tí a máa dúró sí lónìí nìyẹn. Tí ètò yìí bá wúlò fún yín, ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹnì kan lórí WhatsApp, pàápàá ẹni tó rò pé físíìsì kò sí ní èdè Yorùbá. Tí ẹ bá ní ìbéèrè, ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀, a máa kó wọn jọ fún ètò tó ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe gbé fóònù wò bí ẹ bá ń sọdá títì. Ó dìgbà kan ná o.